Àjà Ilé Àwọn Baba Wa

Ẹni tó bá jogún ilé amọ̀ àtijọ́ ní agbègbè Ifọ̀ kì í pẹ́ kó tó bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Níbo ni kí n kó ẹrù sí?” Yàrá kéré, ògiri nípọn, owó kò sì sí láti kọ́ òmíràn. Àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ìdáhùn: òkè ni wọ́n ń wò.

Wọn a tẹ́ igi líle láti orí ògiri kan dé èkejì, wọn a to ọparun lé e, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Èyí ni àjà. Àyè ẹrù nìkan kọ́ ló wà fún. Koríko tàbí ewé ni òrùlé ayé ìgbà náà. Bí iná bá sọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òrùlé a jó tán, ṣùgbọ́n amọ̀ kì í jó. Aṣọ àti owó ẹyọ tó wà nínú yàrá alájà a sì yè. Ní ilé ìdáná, èéfín ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ àgbàdo tí a so sókè ààrò. Ọgbọ́n ńlá ni, mo sì rò pé a kò yìn wọ́n tó.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó. Ó gba Ifọ̀ kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Rélùwéè mú kí páànù rọrùn láti kó wọ ìgbèríko. Nígbà tí ẹ̀rù iná òrùlé dínkù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ṣe àjà mọ́. Síìlìn ni wọ́n ń kàn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ló kún Mówè àti Ìbàfò lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978.

Ẹ gbọ́ o: síìlìn kì í ṣe àjà. Ó kàn bo òrùlé lójú ni; kò lè gbé àpò ìrẹsì, áḿbọ̀sìbọ́sí ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ti asbestos àtijọ́, ẹ má fi ayùn gé e, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹni tó fẹ́ àjà lówó pọ́ọ́kú, kó ṣe é sókè ọ̀nà àárín ilé tàbí yàrá tóóró, níbi tí igi kúkúrú ti tó. Kí káfíńtà gbé igi náà lé ògiri, kó má ṣe so ó mọ́ igi òrùlé. Bí ògiri bá ti sán, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rin, ẹ tún un ṣe ná. Àpótí àti agbọ̀n òfìfo ni kí ẹ kó sókè. Ooru páànù yóò ba iṣu jẹ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni kó wà.