Ìrìn Mi Ní Yanaka, Àdúgbò Àtijọ́ Ní Ìlú Tókíò

Kí n tó dé Yanaka ni wọ́n ti sọ fún mi pé àdúgbò tí ogun kò dé, tí iná kò sì jó, ni. Inú ìlú Tókíò ni ó wà, ìlú ilé gíga onígíláàsì, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Ènìyàn yóò sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Nippori, yóò gun òkè díẹ̀, ariwo yóò sì dákẹ́. Ilé onípákó ni yóò máa rí, àti tẹ́ḿpìlì, àti ológbò tí ń yáàrùn lórí ògiri. Mo rò pé mo ti bọ́ sí ayé àtijọ́. Àṣìṣe ni mo ṣe, àṣìṣe náà ni mo sì fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ní ọdún 1603 ni Tokugawa Ieyasu gba oyè shogun, èyíinì ni balógun àgbà tí ń ṣe ìjọba ní orúkọ ọba, ó sì fi Edo ṣe ibùjókòó rẹ̀. Edo yìí ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Tókíò ní 1868. Igi ni wọ́n fi ń kọ́lé níbẹ̀, iná kì í sì í wọ́n. Iná ọdún 1657 pa nǹkan bí 100,000 ènìyàn, ó sì jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlú náà. Nígbà tí wọ́n ń tún ìlú tò, àwọn aláṣẹ kó ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì kúrò láàrin ìlú lọ sí etí ìlú, Yanaka sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Títí di òní, tẹ́ḿpìlì ibẹ̀ lé ní 70. Àdúgbò tí wọ́n ní iná kò dé, iná ni ó kó púpọ̀ rẹ̀ jọ.

Ogun pẹ̀lú dé ibẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1868, àwọn ọmọ ogun ọba kọlu àwọn tí ó ṣì ń ti ìdílé Tokugawa lẹ́yìn, ní òkè Ueno tí kò jìnnà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti parí. Àwọn tí a ṣẹ́gun sá gba ọ̀nà yìí, ìbọn sì tẹ̀lé wọn. Ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì Kyoo-ji, nítòsí ibùdókọ̀ Nippori, ihò ọta ṣì wà lára igi. Ìka mi wọ inú ọ̀kan. Shogun tí ó kẹ́yìn, Tokugawa Yoshinobu, tí ó kú ní 1913, itẹ́ òkú Yanaka ni ó sùn sí.

Lóòótọ́, orí yọ Yanaka ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 àti iná tí ó tẹ̀lé e pa ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ní Tókíò àti agbègbè rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1945, bọ́ǹbù àwọn ará Amẹ́ríkà pa nǹkan bí 100,000 ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Yanaka kò lọ láìfarapa, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró. Ní èrò tèmi, ọgbà tẹ́ḿpìlì àti itẹ́ òkú náà ràn án lọ́wọ́: iná kì í rí nǹkan jẹ lára òkúta.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ lọ gan-an ni ilé gogoro alájà márùn-ún ti tẹ́ḿpìlì Tenno-ji, èyí tí Koda Rohan fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ó kọ ní 1891 sí 1892. Mo dé ibi tí wọ́n júwe. Òkúta ìpìlẹ̀ nìkan ni mo bá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọlọ́pàá kékeré kan. Ọdún 1644 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé náà. Ó jóná ní 1772, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1791, gíga rẹ̀ tó mítà 34. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1923 kò wó o. Bọ́ǹbù 1945 kò jó o. Ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1957, ní àkókò àlàáfíà, ni ọkùnrin kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ aránṣọ pinnu láti jọ kú, tí wọ́n sì ti iná bọ̀ ọ́. Ó jóná ráúráú.

Ìyá àgbà kan ń gbálẹ̀ ní ìdí ibojì kan. Ọ̀rẹ́ mi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe ògbufọ̀ fún mi, kí i, ó sì bi í bí ó bá rántí iná náà. Ó ní ọmọdé ni òun nígbà náà. Kò tún sọ̀rọ̀. Ó gbé orí sókè sí ibi tí kò sí nǹkan kan, ó sì ń wò ó, bí ẹni pé òrùlé náà ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà gbé orí sókè. N kò rí nǹkan. Kí n má parọ́, owó ọkọ̀ tí mo san ni mo ń rò. Mo dúpẹ́, mo sì kọjá.

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Hebi-michi, ọ̀nà ejò. Ó ń lọ́ sọ́tùn-ún, ó ń lọ́ sósì, títí inú fi bí mi sí ẹni tí ó là á. Àṣé odò ni ó là á. Odò Aizome ni ó ń ṣàn níbẹ̀ rí. Orúkọ náà túmọ̀ sí aró rírẹ, ọ̀rọ̀ tí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ aláró. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti bo odò náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti yà ni ọ̀nà ṣì ń yà, òun náà sì ni ààlà láàrin Taito àti Bunkyo.

Ta ni ó ń rántí irú nǹkan báyìí? Ní ọdún 1984, nígbà tí owó ilẹ̀ ń gòkè ní Tókíò, obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, Mori Mayumi, Ogi Hiromi àti Yamasaki Noriko, dá ìwé ìròyìn kékeré kan sílẹ̀ fún Yanaka, Nezu àti Sendagi, àdúgbò mẹ́ta tí ó fara kanra. Wọ́n gé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrú, ó di Yanesen, orúkọ tí gbogbo ìlú fi ń pe agbègbè náà lónìí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n tọ àgbàlagbà lọ, kí wọ́n jókòó tì wọ́n, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 2009, ìwé náà ti jáde ju ìgbà 90 lọ. Àwa tí a ń kọ́ ìtàn ní yunifásítì, ó dà bí ẹni pé a máa ń dúró kí àgbà kú ná, kí a tó máa wá ìwé rẹ̀ kiri.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo mú ìwé àti kálámù, mo padà lọ sí ìdí òkúta wọ̀nyí. Mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi bá mi béèrè ibi tí ìyá náà dúró sí ní òru ọjọ́ náà, ẹni tí ó jí i, àti bí iná náà ti ń dún. Wọ́n ti gbá ìdí ibojì náà mọ́ tónítóní. Ìyá náà kò sí níbẹ̀.