Sòbìà ní Ìbàràpá: Ìtumọ̀ Orúkọ Kan àti Ìtàn Rẹ̀

Bí a bá ní kí a túmọ̀ guinea worm sí Yorùbá, 'sòbìà' ni yóò kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé orúkọ méjèèjì kò tọ́ka sí ohun kan náà, àti pé ìtàn ètò ìlera ní Ìbàràpá fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Ibi tí wọ́n gbà pé aràn náà ti wá ni àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ. Gẹ̀ẹ́sì so ó mọ́ Gíní. Àwọn elédè Potogí ní Brazil pè é ní bicho da costa, ìyẹn kòkòrò etíkun Áfíríkà, bí wọ́n ti pe aṣọ tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ní pano da costa. Láti Gẹ̀ẹ́sì sí Potogí, ìtumọ̀ kò ṣòro: aràn kan náà ni.

Àìsàn ni sòbìà ń dárúkọ ní tiwa. Òwe ní, 'Bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí.' Sòbìà ti wà kí egbò tó dé. Ní Ìdèrè, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, ìwádìí William Brieger àti Carl Kendall fi hàn pé ara wíwú àti ara yíyún tí aràn kò tíì yọ jáde wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní sòbìà. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé a bí i mọ́ ènìyàn ni.

Ní 1870, Fedchenko ará Rọ́ṣíà ti rí i pé inú cyclops, ẹ̀dá tíntìntín inú omi, ni ọmọ aràn náà ń dàgbà sí. Ẹni tó bá mu omi náà yóò tó bí ọdún kan kí aràn tó yọ lára rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oníṣègùn pé omi ló ń fa sòbìà kò lè tètè wọ ẹni tó gbà pé a bí i mọ́ òun létí. Asẹ́ ọ̀rá tí àwọn télọ̀ ìlú rán, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sì tà ní àwọn ọdún 1980, ṣe àlàyé tí orúkọ nìkan kò lè ṣe.

Ìṣirò pẹ̀lú kàn án. Aràn tó yọ jáde nìkan ni ìjọba ń kà; ará Ìdèrè tó ní sòbìà lè má sí nínú ìwé.

Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù fún atúmọ̀. Kí a pe kòkòrò náà ní 'aràn sòbìà', kí a sì fi 'sòbìà' sílẹ̀ fún àìsàn tí àwọn tó ni èdè ń fi í pè.