Bọ́tìnnì Tó Ń Sọ̀rọ̀ Kí A Tó Tẹ̀ Ẹ́: Ìtàn Ààbò Plugin Ìpínkiri, 2010 sí 2024

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2010, níbi àpérò f8 tí Facebook ṣe ní ìlú San Francisco, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé bọ́tìnnì “Like” sí ojú ìwé tirẹ̀. Kò gba owó, kò sì gba ìmọ̀ jinlẹ̀: ìlà kóòdù díẹ̀ ni olùdarí ìkànnì yóò dà kọ. Kò pẹ́ tí bọ́tìnnì yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí a fi ń pín àpilẹ̀kọ kiri, fi di ohun tí à ń bá pàdé lójú ìwé àwọn ilé ìròyìn, ilé ìtajà àti ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń yẹ ààbò irú plugin bẹ́ẹ̀ wò sábà máa ń béèrè bóyá kóòdù rẹ̀ ní àlébù. Ìbéèrè náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìtàn ọdún mẹ́rìnlá tó tẹ̀ lé e fi hàn pé òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ohun tí bọ́tìnnì náà ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ló fa èyí. Nígbà náà, bọ́tìnnì “Like” kì í gbé lórí ìkànnì tí òǹkàwé ń bẹ̀ wò. Bí ojú ìwé bá ti ń ṣí, bíráúsà òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni yóò lọ gbé e wá láti ọ̀dọ̀ Facebook, kò sì ní lọ lọ́wọ́ òfo: àdírẹ́sì IP òǹkàwé, àdírẹ́sì ojú ìwé tó ń kà, àti kúkì tí Facebook bá ti fi sínú ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò bá a lọ. Ẹni tó wá ka ìròyìn nípa àìsàn tàbí nípa gbèsè ti tú àṣírí ara rẹ̀ fún ẹni kẹta kó tó ka ìlà àkọ́kọ́ tán. Ní ọdún 2010 náà, Arnold Roosendaal ti Yunifásítì Tilburg ní Nẹ́dálándì gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Facebook pàápàá lè bọ́ sínú àwọ̀n náà. Bí a bá ní kí a sọ ọ́ bó ṣe rí, òǹkàwé gan-an ni wọ́n ń pín.

Ní Jámánì ni ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ òfin. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ULD, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ààbò ìsọfúnni ara ẹni ní ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein, èyí tí Thilo Weichert ń darí nígbà náà, pàṣẹ pé kí àwọn olùdarí ìkànnì ní ìpínlẹ̀ náà yọ bọ́tìnnì “Like” kúrò kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Ó kìlọ̀ pé owó ìtanràn lè tó 50,000 yúrò. Facebook ló ń gba ìsọfúnni, síbẹ̀ onílé tó ṣílẹ̀kùn ni wọ́n dojú àṣẹ kọ. Àwọn Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Níbí yìí, onílé ló fọwọ́ ara rẹ̀ la ẹnu ògiri, nítorí pé ó ń wá èrò.

Ìdáhùn tó wúlò jù lọ kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ní oṣù Kẹsàn-án náà, ilé-iṣẹ́ Heise, tó ń tẹ ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní c't, gbé ọgbọ́n “títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì” jáde. Àwòrán lásán, tó jẹ́ ti ìkànnì fúnra rẹ̀, ni òǹkàwé yóò kọ́kọ́ rí. Bó bá tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnnì gidi yóò wá láti ọ̀dọ̀ Facebook. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ pín nǹkan. Ní ọdún 2014, àwọn ará c't tún gbé Shariff jáde, èyí tó sọ bọ́tìnnì di líǹkì. Bí a bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n ti pín àpilẹ̀kọ kan, sẹ́fà ìkànnì ni yóò lọ béèrè dípò bíráúsà òǹkàwé. Àtọwọ́dọ́wọ́ àpilẹ̀kọ kò dúró síbẹ̀. Ẹ̀rí tó lágbára nìyí pé títọpa òǹkàwé kò fìgbà kan rí jẹ́ dandan fún pínpín.

Lọ́dún 2014 yìí kan náà, àwọn olùwádìí ní Princeton àti KU Leuven rí i pé lórí ìkànnì tó ju 5,000 lọ, nínú 100,000 tí èèyàn ń bẹ̀ wò jù lọ, kóòdù kan ń pàṣẹ fún bíráúsà láti ya àwòrán tí ojú kò rí. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà nínú bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yà á ni wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ náà mọ̀, bí ẹni tó tẹ̀ka. Plugin ìpínkiri AddThis ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìkànnì White House wà lára àwọn tó ń lò ó. Ẹni tó pa kúkì rẹ̀ rẹ́ kò bọ́. Ẹ kíyè sí i pé kóòdù yìí kò ní àlébù kankan: bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe fẹ́ gan-an ló ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọdún 2019 mú oríṣi ewu méjèèjì wá sójú kan. Ní oṣù Kẹta, wọ́n rí àlébù gidi nínú Social Warfare, plugin ìpínkiri tó wà lórí ìkànnì WordPress tó lé ní 70,000. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan lè ti ibòmíràn kó kóòdù tirẹ̀ sínú ìkànnì ẹlòmíràn, àwọn ọ̀daràn sì ń lò ó kí àtúnṣe 3.5.3 tó jáde. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, Ilé Ẹjọ́ Àgbà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ Fashion ID, ilé-iṣẹ́ ará Jámánì tó ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ oníbàárà ti North Rhine-Westphalia pè lẹ́jọ́ nítorí bọ́tìnnì “Like”. Ilé ẹjọ́ náà ní onílé àti Facebook lè jọ ru ẹrù kíkó ìsọfúnni jọ àti fífi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí Facebook bá fi ṣe lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹrù onílé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Social Warfare tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọ̀daràn lo ọ̀rọ̀ aṣínà tó ti jò níbòmíràn láti wọlé sí àkáǹtì àwọn tó ń kọ àwọn plugin mélòó kan, wọ́n sì fi kóòdù búburú sínú àtúnṣe tuntun. Èyí tó dùn mọ́ ọ̀tá jù ni pé onílé tó ń yára gba àtúnṣe, bí gbogbo olùgbani-nímọ̀ràn ààbò ṣe ń sọ, ló kọ́kọ́ kó sí pańpẹ́. Kò sí òǹkàwé tó nílò láti tẹ bọ́tìnnì kí kóòdù náà tó ṣiṣẹ́: ó ń dá àkáǹtì olùdarí tuntun sílẹ̀ lórí ìkànnì, ó sì ń fi àlàyé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó rán an. Yíyọ plugin náà kúrò kò tó. Onílé ní láti wá àkáǹtì àjèjì náà rí láàárín orúkọ àwọn olùdarí rẹ̀, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.