Tìmbúkútù Lójú Àlejò

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Láti ọdún 1324, tí Mansa Musa, ọba Mali, ọlọ́lá tí ń ná wúrà bí ẹni ń da àgbàdo fún adìyẹ, ti gba Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà, ni òkìkí ti ń kàn dé ilẹ̀ òyìnbó pé ìlú wúrà ni Tìmbúkútù ní ilẹ̀ Mali. Ṣùgbọ́n nígbà tí René Caillié, ará Faransé tí ó múra bí Mùsùlùmí, dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1828, ilé amọ̀ láàárín yanrìn ni ó bá. Ìlú náà kò purọ́ fún un: Mọ́ṣáláṣí Sankore àti ìwé àfọwọ́kọ àwọn alùfáà ni ọrọ̀ rẹ̀, ojú tí ń wá òrùlé wúrà ni kò rí i.