Ibi Tí Àwọn Olórin Stax Ń Wọ̀ Sí

Ní Ìfisìn-Èkìtì, nígbà kékeré mi, bí onílù bá ti ìlú mìíràn wá ṣeré, ilé ẹni tí ó pè é ni yóò sùn. Ẹ jẹ́ kí a wo Memphis ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olórin sóòlù ti ń wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní ilé-iṣẹ́ Stax láti 1961. Kí òfin 1964 tó dé, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kì í gba ènìyàn dúdú. Lorraine ni wọ́n ń wọ̀ sí, ilé àlejò tí Walter Bailey àti Loree aya rẹ̀ rà ní 1945. Dúdú àti funfun a máa jókòó pọ̀ níbẹ̀. Bí ooru bá mú ní Stax, ibi odò ìlúwẹ̀ẹ́ Lorraine ni wọ́n ń sá lọ. Bailey a sì gbé adìẹ díndín wá fún wọn.

Ibẹ̀ ni Wilson Pickett, ènìyàn dúdú, àti Steve Cropper, òyìnbó, ti kọ “In the Midnight Hour” ní 1965. Ní 1966, Cropper tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú Eddie Floyd lóru ọjọ́ kan tí àrá ń sán. Floyd sọ bí àrá ti máa ń dẹ́rù bà á ní kékeré, ọ̀rọ̀ náà sì wọ inú orin wọn, “Knock on Wood”. (Ṣàngó náà jẹ gbèsè owó orin!)

Ní April 4, 1968, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé yìí kan náà ni Martin Luther King dúró sí tí wọ́n fi yìnbọn pa á. Lọ́jọ́ náà gan-an ni iṣan ẹ̀jẹ̀ já nínú ọpọlọ Loree; ó kú ní April 9.

Láti 1991 ni ilé náà ti di mùsíọ́ọ̀mù. Yàrá 306, tí King wọ̀ sí, ni gbogbo ènìyàn ń lọ wò. Ní tèmi, yàrá tí wọ́n wà nígbà tí àrá ń sán ni ìbá wù mí láti rí.