Àgbà Tàbí Ọmọdé? Ẹ Jẹ́ Ká Rántí Ọdún 2002

 Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ níbi ìpàdé wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Àwọn ọmọ wa fẹ́ lọ gbá ìdíje, àwọn kan wá ní kí wọ́n yọ gólíkípà tó ti ń ṣọ́lé fún wa láti ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n fi ọmọ ọdún 18 kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rọ́pò. Èmi ò dá sí i lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí ti da gbogbo Nàìjíríà rú rí, ọmọ Yorùbá ló sì wà láàárín ẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, Super Eagles lọ sí Mali fún Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Senegal na wọ́n 2-1, wọ́n sì gba ipò kẹta. Ipò kẹta ò burú, àbí? Ilé gbóná nígbà yẹn. Wọ́n lé kóòṣì Shaibu Amodu àti àwọn igbákejì rẹ̀, Stephen Keshi àti Joe Erico. Bẹ́ẹ̀, Amodu yìí náà ló mú wa dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Oṣù díẹ̀ ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní Japan àti Korea tí wọ́n fi ké sí Olóyè Adegboye Onigbinde, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ẹni tó kó Eagles dé àṣekágbá Áfíríkà lọ́dún 1984 kí Cameroon tó na wọ́n 3-1.

Nígbà tí orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù 23 jáde, ẹnu ya ayé. Sunday Oliseh tó ṣe kápúténì ní Mali ò sí níbẹ̀. Finidi George ò sí níbẹ̀. Ikpeba ńkọ́? Òun náà ò sí. Oliseh tó gbá bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn yẹn wọlé Spain lọ́dún 1998! Wọ́n wá rí Bartholomew Ogbeche, ọmọ ọdún 17. Femi Opabunmi láti Shooting Stars Ìbàdàn, ọmọ ọdún 17. Vincent Enyeama ti Enyimba, ọmọ ọdún 19. Joseph Yobo, ọmọ ọdún 21. Kì í ṣe pé Baba ò mú àgbà rárá o. Okocha, Kanu, Taribo West, Mutiu Adepoju àti gólíkípà Ike Shorunmu wà níbẹ̀.

Argentina na wa 1-0, Sweden na wa 2-1, ó parí fún wa. Ní Osaka, lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà, Baba fi Shorunmu sílẹ̀, ó fi Enyeama ṣọ́lé níwájú England. Paul Scholes gbá bọ́ọ̀lù líle kan, ọmọ yẹn fọwọ́ kàn án, ó lọ ba òpó. 0-0 ló parí sí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ju ìgbà 100 lọ.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé Onigbinde ò mọ ọmọdé yàn, èmi ò bá wọn lọ. Ojú Baba dára. Àkókò ni kò sí. Àwọn tó lé Amodu ló gbẹ́ kòtò yẹn, Baba kàn bá a níbẹ̀ ni. Kò sì dáa kí àwọn àgbà tó mọ ọ̀nà àárín pápá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọmọdé máa wá ọ̀nà náà fúnra wọn níwájú Argentina.

Ọ̀rọ̀ Opabunmi ló máa ń dùn mí jù. Òun náà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú England lọ́jọ́ yẹn, ó wà lára àwọn tó kéré jù lọ́jọ́ orí tó tíì gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Ó lọ sí Grasshoppers ní Switzerland, ṣùgbọ́n àrùn ojú gba ìríran ojú rẹ̀ kan, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó. Ẹjọ́ kóòṣì kankan kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé “ọmọdé ló ni ọ̀la” kó rántí ẹ̀.

Ọdún 2013 wá dé. Keshi tí wọ́n lé lọ́jọ́sí ti di kóòṣì àgbà. Ó fi Odemwingie àti Obafemi Martins sílẹ̀, ó mú Godfrey Oboabona láti Sunshine Stars Àkúrẹ́ àti Sunday Mba. Ariwo tún sọ. Mba ló gbá gólì tó lé Ivory Coast lọ sílé, òun náà ló gbá gólì kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso nínú àṣekágbá. Enyeama ló ṣọ́lé, ó ti di àgbà, ẹni ọdún 30.

Kápúténì ni Yobo lọ́dún náà, ṣùgbọ́n Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19, gba ipò rẹ̀. Keshi ò lé Yobo lọ sílé. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, nígbà tí àṣekágbá kù díẹ̀ kó parí, Keshi ní kó wọlé. Òun ló gbé ife náà sókè.

Mo ti bi kóòṣì àwọn ọmọ wa bóyá ó ti pe gólíkípà àgbà yẹn sí kọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní rárá, pé ibi ìpàdé náà ni òun náà ti gbọ́ ọ, bíi tiwa.