Ìtàn ìdè ski: Irin kékeré tó ń gba egungun ẹsẹ̀ là lórí yìnyín

Láti Tamale tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ eruku ní àríwá Ghana títí dé etí òkun ní Accra, kò sí òkè kankan tí yìnyín bò. Síbẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 2010, Ghana ní aṣojú nínú ìdíje ski níbi Olympics ìgbà òtútù ní Vancouver, lórílẹ̀-èdè Canada.

Kwame Nkrumah-Acheampong ni orúkọ rẹ̀. Glasgow ni wọ́n ti bí i, Ghana ló dàgbà sí. Ó ti dàgbà tán kó tó kọ́ ski nínú ilé eré kan ní Milton Keynes, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ipò 47 ló wà nínú eré slalom, ṣùgbọ́n ó parí eré tí ọ̀pọ̀ kò lè parí.

Ohun kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí òǹwòran kì í sábà kíyè sí: ìdè tó so bàtà mọ́ pákó ski. Iṣẹ́ méjì ni ìdè yìí ń ṣe. Ó gbọ́dọ̀ di bàtà mú bí eré bá ń lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ bí èèyàn bá ṣubú.

Ẹsẹ̀ tó kán ló bí ìdè tuntun

Láyé àtijọ́, awọ àti wáyà ni wọ́n fi ń de bàtà mọ́ pákó. Bí èèyàn bá ṣubú, pákó á yí, ẹsẹ̀ á bá a yí, egungun ojúgun á sì kán.

Lọ́dún 1937, Hjalmar Hvam, ọmọ Norway tó ń gbé ní Oregon, l'Amẹ́ríkà, kán lẹ́sẹ̀. Ilé ìwòsàn ló wà nígbà tó ronú kan ìdè tó lè tú fúnra rẹ̀. Saf-Ski ló pè é. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Jean Beyl ní Faransé àti Hannes Marker ní Jámánì ṣe èyí tó tún dára sí i.

Ní 1972, dókítà Robert Johnson, Carl Ettlinger àti Jasper Shealy bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó ń farapa lórí òkè kan ní Vermont. Bí ìdè ṣe ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye ojúgun tó ń kán ń dín kù.

Nọ́ńbà wo ló tọ́ sí ẹ?

Nọ́ńbà wà lára ìdè. Bó bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó máa tú u ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Ìlànà àgbáyé ISO 11088 ń wo ìwọ̀n ara, gíga, ọjọ́ orí, gígùn àtẹ́lẹ̀ bàtà àti bí èèyàn ṣe ń sáré sí. Wọ́n máa ń dín ti ẹni tó bá ti pé 50 ọdún kù.

Ibí ni irọ́ ti léwu. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tó wá ní ọ̀gá lòun, lè gba ìdè tí kò ní tú nígbà tó bá ṣubú. Ẹni tó sì bu ìwọ̀n ara rẹ̀ kù nítorí ìtìjú, ìdè tirẹ̀ lè tú lójijì lórí eré. Àwọn tó ń lọ Olympics máa ń lo nọ́ńbà gíga nítorí eré wọn le. Kì í ṣe àmì ìgboyà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ìdè kò lè dáàbò bo gbogbo ara o. Iṣan inú orúnkún ṣì lè já bí nọ́ńbà tilẹ̀ tọ́.

Ní 2022, Carlos Maeder, tí wọ́n bí ní Ghana tó sì dàgbà ní Switzerland, tún gbé àsíá Ghana lọ sí Beijing. Fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ wọn, tàbí tó kàn fẹ́ fi ski gbafẹ́ lókè òkun, ohun àkọ́kọ́ ni kó sọ òtítọ́ fún ẹni tó ń to ìdè náà, kó má sì fọwọ́ ara rẹ̀ yí nọ́ńbà padà.